Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Náà, Rúdurùdu

I Kọ́ríńtì 14:33.

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí a máa ń sọ lójoojúmọ́, tí a kì í sì í fi ara balẹ̀ wo ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni rúdurùdu. Nínú ẹsẹ tí a tọ́ka sí lókè yìí, Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì sọ pé Ọlọ́run kì í ṣe ti rúdurùdu. Kíyè sí i pé kò fi ìmọ́tótó ṣe òdìkejì rẹ̀. Àlàáfíà ni ó fi ṣe é.

Èdè wa kò tòṣì nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Irun tí a kò yà, wúruwùru ni. Ẹni tí ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní Tẹsalóníkà, ségesège ni Bíbélì wa pe ìrìn rẹ̀. Ayé, kí ìmọ́lẹ̀ tó dé, júujùu ni ó wà. Ṣùgbọ́n rúdurùdu jọ mọ́ ohun tí ó rú: omi tí ó rú, ìlú tí ó dàrú, ọkàn tí ó dàrú. Ojú ń rí wúruwùru. Ìgbálẹ̀ àti òòyà sì tó láti tún un ṣe. Rúdurùdu lè wà níbi tí ojú kò rí nǹkankan.

Ẹ wo ìsọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà. Èérún igi kún ilẹ̀ wúruwùru, síbẹ̀ iṣẹ́ ń lọ, olúkúlùkù sì mọ ipò rẹ̀. Ẹ wá wo ilé Ọlọ́run tí a gbá mọ́, tí àga tò lẹ́sẹẹsẹ, tí àwọn akọrin wọ aṣọ funfun. Bí ẹni méjì lórí ìjókòó kan náà kò bá kí ara wọn láti èṣí wá, rúdurùdu ń bẹ níbẹ̀. Owú àti ìjà ni í bí i, gẹ́gẹ́ bí Jákọ́bù ti kọ́ wa (3:16). Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Kí ni ó ṣe àwọn ará Kọ́ríńtì? Níbi Oúnjẹ Olúwa, ebi ń pa ọ̀kan, èkejì sì ti mu àmuyó. Nínú ìsìn, olúkúlùkù fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀bùn rere ni wọ́n ní. Àìdúró de ara wọn ni ó sọ ọ́ di rúdurùdu. Nítorí náà ni Àpọ́sítélì fi pàṣẹ pé kí wọn dúró de ara wọn, kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sì dákẹ́ nígbà tí Ọlọ́run bá fi nǹkan han ẹni tí ó jókòó.

Kí àwa olùkọ́ má ṣe rò pé àlàáfíà wà ní gbogbo kíláàsì tí ó bá dákẹ́. Ìbẹ̀rù lè pa ọmọ lẹ́nu mọ́ nígbà tí inú rẹ̀ ń ru. Kí àwa ìgbìmọ̀ ìjọ má sì ṣe fi ìwé ìṣirò tí ó gún régé tan ara wa jẹ.

Ìwé Àdúrà ti ọdún 1662 pàṣẹ pé bí àlùfáà bá rí i pé arankàn àti ìkórìíra ń jọba láàárín ẹni méjì, kí ó má ṣe gbà wọ́n síbi Tábìlì Olúwa títí wọn ó fi làjà. Bí ọ̀kan bá dárí jì tọkàntọkàn, tí èkejì sì kọ̀, ẹni tí ó dárí jì ni kí ó gbà.

Kí Ìdàpọ̀ Mímọ́ tí ń bọ̀ tó dé, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí ó ń bá yan odì. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ sí júujùu, tí ó sì fún ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ní ipò wọn, yóò tún ọkàn wa tò. Àmín.