Orin Tí Kò Ní Elégbè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí ènìyàn bá kọrin tí kò sẹ́ni tó gbọ́, ṣé orin ni àbí ariwo ẹnu lásán? Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí ẹnìkan bá lé orin, elégbè ló ń gbé e nílẹ̀. Ẹni tó wá ń lé e lọ́dọọdún, tẹ́nikẹ́ni ò gbè é, kí la fẹ́ pe tirẹ̀?

Ìtàn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní Amẹ́ríkà ló mú mi ro èyí. Guided by Voices ni wọ́n ń jẹ́. Ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Robert Pollard, aṣáájú wọn. Láàárọ̀, á kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Tó bá ṣíwọ́, á kọjú sórin. Láàárín 1987 sí 1990, àwo mẹ́rin ni wọ́n fi owó ara wọn gbé jáde. Àwọn tó rà á kò tó nǹkan. Nígbà tó yá, yàrá abẹ́ ilé àti gáréèjì ni wọ́n ti ń gba ọ̀pọ̀ orin wọn sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí kò lè gbà ju ipa ohùn mẹ́rin lọ. Ariwo téèpù á máa dún lábẹ́ orin, wọn ò sì bìkítà.

Ní 1992, wọ́n ṣe àwo Propeller. Wọ́n rò pé òun ló máa kẹ́yìn. 500 péré ni wọ́n tẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára páálí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí méjì ò fi jọra. Onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní pankara káyé tó fi kólẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kọ̀, wọn ò pe tiwọn ní pankara.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù. Níbẹ̀rẹ̀ àwo náà, èrò ń hó gèè, wọ́n ń pe G-B-V, G-B-V! Èrò wo? Nígbà yẹn, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣeré níta. Àwọn fúnra wọn àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn ló ń pariwo. Àwọn ló lé orin, àwọn náà ló gbè é.

Ẹnìkan á ní irọ́ nìyẹn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tí à ń sọ ní Akínkúnmi, ogun wo ló ti jà? Ṣé irọ́ la pa mọ́ ọn? Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òpùrọ́ á sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, á lọ sùn. Ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ ti jẹ gbèsè: ó di dandan kó tọ́ ọmọ náà dé ibi tí orúkọ ń pè é sí. Ẹni tó jókòó ṣe ọ̀ṣọ́ sára páálí 500 kò sọ̀rọ̀ tán kó lọ sùn.

Lóòótọ́, ayé padà gbọ́. Ní 1994, iléeṣẹ́ Scat Records gbé Bee Thousand jáde, òkìkí wọn kàn, Pollard sì fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn náà, èrò gidi ń pe G-B-V lójú agbo.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi òkìkí yẹn parí ẹjọ́. Tó bá jẹ́ pé òkìkí ló sọ iṣẹ́ wọn di rere, a jẹ́ pé gbogbo ẹni tí òkìkí ò kàn ṣiṣẹ́ lásán nìyẹn. Ta ló mọ iye wọn? Mélòó nínú àwọn ìyá wa ló dá orin tó dùn nídìí ọlọ, tí orin náà bá wọn lọ? Lójú tèmi, Propeller ti jẹ́ iṣẹ́ rere lọ́jọ́ tí wọ́n kun páálí àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ná owó lé e. Elégbè ń fi adùn sí orin, n kò jiyàn. Ẹni tó lé e ló ń fi òótọ́ sí i.

Ìwé wa yìí náà, fọ́tókọ́pì ni. Bóyá ogún ènìyàn ni yóò kà á, bóyá méjì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ewì fún ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, kó tún un kà, kó tún un tò, kó fi àmì ohùn sí i dáadáa.