Ṣé Ajá Tó Ń Kùn Ti Ṣẹ̀?

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ewì mi níbí ń retí ọ̀rọ̀ ìfẹ́, àbí kí n tún bú àwọn olóṣèlú. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo mú wá lónìí. Ajá méjì ló wà nílé wa, mo sì ṣẹ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ajá.

Bíńgò la kọ́kọ́ ní. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, akọ, pupa rúsúrúsú, irú ajá ilé tẹ́ ẹ máa ń rí ní gbogbo àdúgbò. Ó ń gbó àlejò, ó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ àjẹkù ẹ̀bà, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tó yá, aládùúgbò wa kan rí físà, ó fẹ́ japa lọ sí Kánádà. Ó ta fìríìjì, ó ta mọ́tò, ó ta jẹnẹrétọ̀, ó wá ku ajá rẹ̀. Àwọn kan ti ń wo ajá náà bí ẹni ń wo ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ yìí, ajá tí kò lólúwa kì í pẹ́ di four-o-four. Àánú ṣe màmá mi, ó ní ká mú un wá. Bí ajá kejì ṣe wọlé wa nìyẹn, tòun ti ṣéènì lọ́rùn àti abọ́ irin kan. Abo ni, ọmọ ọdún mẹ́fà.

Orúkọ òyìnbó ló bá dé, màmá mi ló pa á dà. Láyé àtijọ́, àwọn baba wa máa ń sọ ajá ní orúkọ tó jẹ́ òwe. Tó o bá ní ọ̀rọ̀ kan tí o kò lè sọ lójú aládùúgbò, wàá fi sọ ajá rẹ, wàá sì máa pe ajá náà lóhùn òkè nírọ̀lẹ́, ẹni tó kàn á gbọ́. Màmá mi ní tòun kì í ṣe òkò ọ̀rọ̀ o, àdúrà ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ajá yìí dé, tó gbé pọ́nmọ́ nínú ìkòkò, ló sọ ọ́ ní Ìwàlẹwà. A gé e kúrú sí Ìwà. Látìgbà náà, tẹ́ ẹ bá gba iwájú ilé wa kọjá, ẹ ó máa gbọ́: "Ìwà ti tọ̀ sórí ẹní o!" "Ẹ lé Ìwà jáde!" Lọ́jọ́ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa, ni àbúrò mi bá pariwo pé, "Màmi, Ìwà ò sí nínú ilé yìí!" Ẹ ò rí ojú màmá mi.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ ipò ná. Nínú agbo ilé Yorùbá, kì í ṣe ọjọ́ orí la fi ń mọ ìyáálé. Ọjọ́ tí obìnrin wọlé ọkọ ló ń kà. Ẹni ogún ọdún tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyáálé fún ẹni ọgbọ̀n ọdún tó dé lánàá. Bàbá mi wá fi òfin yìí dájọ́: Bíńgò ni ìyáálé, bó tilẹ̀ jẹ́ akọ, Ìwà ni ìyàwó, bó tilẹ̀ ju ìyáálé lọ lọ́jọ́ orí. A rẹ́rìn-ín. Ohun tá a gbàgbé ni pé ìyáálé ní ẹ̀tọ́. Kò sẹ́ni tó bi Bíńgò bóyá ó fẹ́ ìyàwó. Àwa la ṣàánú, àwa ni wọ́n ń kí pé a ṣeun, àmọ́ oúnjẹ Bíńgò ni wọ́n pín sí méjì, ẹnu ọ̀nà Bíńgò ni àlejò ń sùn sí.

Iṣẹ́ kíkọ́ àlejò níwà bọ́ sí mi lọ́wọ́, torí pé ìsinmi ni mo wà. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹun. Ẹ̀yìn táǹkì omi ló ń sá sí, tílẹ̀ bá ṣú á lọ sídìí géètì, á máa hu. Èmi ò tiẹ̀ ro ìyẹn. Ọjọ́ kejì gan-an ni mo fi ṣéènì fà á jáde, mo ní, "Jókòó!" Ó ń wò mí. "Mo ní kó o jókòó!" Ó yíjú. Mo ní ajá yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ rárá. Àbúrò mi ọkùnrin, tó wà ní JSS 3, ló ń kọjá lọ, ló bá ní, "Sit!" Kó tó pa ẹnu dé, ìdí Ìwà ti kanlẹ̀. Ojú tì mí, èmi tí mò ń ka Yorùbá ní yunifásítì! Ṣé ẹ ti ṣàkíyèsí pé nílẹ̀ wa, ẹni tí ò gbọ́ òyìnbó gan-an, òyìnbó ló ń sọ sí ajá? Odindi wákàtí kan ni mo fi ń pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ wà lára rẹ̀, èdè mi ni kò gbọ́.

Ìyẹn ṣì kéré.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bíńgò ń jẹun, Ìwà sún mọ́ ọn. Bíńgò dáwọ́ jíjẹ dúró, kò gbórí sókè, ara rẹ̀ le gbagidi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láti inú àyà lọ́hùn-ún. Èmi tí mo dúró níbẹ̀, àlejò tó ń rìn tìtìjú-tìtìjú ni mò ń wò. Mo ní, "Ìwọ Bíńgò yìí, o ò láàánú? Ahun!" Mo fi ọwọ̀ nà án. Ó dákẹ́. Ọjọ́ kejì ó tún kùn, mo tún nà án. Nígbà tó máa fi tó ọ̀sẹ̀ kan, kò kùn mọ́. Tí Ìwà bá sún mọ́ abọ́, Bíńgò á kàn le gbagidi, á máa wo ilẹ̀. Mo sọ fún gbogbo ará ilé pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Mo tilẹ̀ fẹ́ kọ ewì lé e lórí, "Ajá Méjì, Abọ́ Kan". Ọlọ́run ló yọ yín.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àbúrò mi gbé oúnjẹ wá fún wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ti Ìwà sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́bàá abọ́. Kò sí kíkùn, kò sí gbígbó. Bíńgò kàn yí orí ni, eyín ti wọ ọwọ́ ọmọ. A fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, a sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bíńgò ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi epo pa ibi tí ajá bá ti gé yín jẹ kẹ́ ẹ wá lọ sùn. Tí àrùn dìgbòlugi bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń yè é.) Bàbá mi ní ká pe ẹni tó máa ra Bíńgò. Ó ní ajá tó bá gé ọmọ onílé jẹ láìkìlọ̀ kì í ṣe ajá mọ́.

Láìkìlọ̀. Ibẹ̀ ló ti gún mi. Torí pé ó kìlọ̀. Ìrọ̀lẹ́ lórí ìrọ̀lẹ́ ló ń kìlọ̀, èmi ni mo fi ọwọ̀ gba ìkìlọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn tó mọ ajá dáadáa ti ń sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó bá na ajá nítorí pé ó kùn, kíkùn nìkan ló mú kúrò, ohun tó ń bí ajá nínú ṣì wà níbẹ̀. Bíńgò lè ti gé Ìwà jẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, eyín wà lẹ́nu rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀. Ìwà rere wo la tún ń wá lọ́wọ́ ajá tó jùyẹn lọ? Mo wá bi ara mi pé kí ni mò ń wá gan-an tí mo ní mò ń wá ìwà. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo fẹ́ kílé dákẹ́, kí n lè máa wo ara mi bí ẹni rere tó gba aláìnílé sílé.

Ẹ má sì jẹ́ ká díbọ́n pé ajá nìkan là ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Àwa tá a ti gbé hóstẹ́ẹ̀lì, yàrá ẹni mẹ́rin tó di ti ẹni mẹ́jọ: ẹnì kan á mú squatter wá, gbogbo wa á máa yìn ín pé ó láàánú. Ẹni tí squatter ń bá pín bẹ́ẹ̀dì ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá kùn pẹ́rẹ́n, ahun ni, ìkà ni, kò mọ̀ pé ọ̀la òun náà lè rí bẹ́ẹ̀. Á dákẹ́. Tó bá wá di ọ̀sẹ̀ ìdánwò, tí ìkòkò ìrẹsì fò gba ojú fèrèsé jáde, a ó ní, "Ẹni jẹ́jẹ́ yìí mà ni o! Kí ló ṣe é?"

Ẹnì kan ní kíláàsì wa ní mò ń sọ ajá di ènìyàn. Ó ní tá a bá ń gbọ́ gbogbo ohun tí ajá ń kùn sí, ajá ló máa di baálé ilé. Kò kúkú parọ́ tán. Tí Bíńgò bá kùn pé kí Ìwà má gba pálọ̀ kọjá, mi ò ní gbà fún un. Àmọ́ gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà. Adájọ́ ń gbọ́ ti ẹni tó jẹ̀bi náà. Ohun tí mi ò lè ṣe mọ́ ni kí n na ẹni tó ń rojọ́ torí pé ó rojọ́.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò tó ń bá àwọn olówó tọ́jú ajá ní tiẹ̀ lójú ọ̀tọ̀: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá." Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí níbi tó ti wá. Ní 1947, Rudolf Schenkel kọ̀wé lórí àwọn ìkookò tí wọ́n kó sínú ọgbà ẹranko ní Basel, ní Switzerland. Ó rí i pé wọ́n ń jà du ipò. L. David Mech, ará Amẹ́ríkà, mú èrò náà wọ inú ìwé tó ṣe ní 1970, ó sì tàn ká. Àmọ́ láti 1986 ni Mech ti ń lọ wo àwọn ìkookò tó wà lómìnira ara wọn ní erékùṣù Ellesmere, ní òkè Kánádà lọ́hùn-ún. Ohun tó bá níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀gá àti ọmọ ogun, bàbá ni, ìyá ni, àwọn ọmọ ni. Ní 1999 ó kọ ọ́ síta, ó sì bẹ àwọn tó ń tẹ ìwé 1970 yẹn pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́. (Ọ̀mọ̀wé tó ní òun ṣì í sọ, mélòó lẹ ti rí?) Ohun tí wọ́n rí ní Basel ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ìṣe àwọn àlejò tí wọ́n kó pa pọ̀ ni, tí wọn ò ní ibi tí wọ́n lè sá fún ara wọn sí. Hóstẹ́ẹ̀lì ni, ẹ ò rí i?

Wándé Abímbọ́lá, nínú àròkọ rẹ̀ lórí ìwàpẹ̀lẹ́ tó jáde ní 1975, fi hàn pé inú "wà" ni "ìwà" ti jáde, pé ohun tó ń jẹ́ wíwà láyé àti ohun tó ń jẹ́ ìhùwàsí, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo ti kọ èyí sínú ìdánwò rí, mo gba máàkì, kò yé mi. Ẹ̀yìn táǹkì omi ló ti yé mi. Lọ́jọ́ tí mò ń pariwo "jókòó" lé ajá yẹn lórí, kò tíì wà nílé wa. Ara rẹ̀ wà lẹ́yìn táǹkì, ọkàn rẹ̀ ń retí ẹni tó lọ Kánádà. Báwo lẹni tí kò tíì wà ṣe fẹ́ níwà?

Ìtàn kan náà tún wà nínú Ifá pé Ìwà, ọmọ Sùúrù, ni ìyàwó Ọ̀rúnmìlà. Arẹwà ni, àmọ́ ìṣe rẹ̀ ò dáa. Ọ̀rúnmìlà ò lè gbà á mọ́ra, Ìwà lọ, nǹkan dojú rú fún ọkọ, ó wá di pé ó ń wá Ìwà kiri. Ẹ wò ó dáadáa: Ìwà fúnra rẹ̀ ò níwà! Mi ò mọ̀ bóyá màmá mi ro ìyẹn kó tó sọ ajá lórúkọ.

Mo jẹ́wọ́ fún bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ìwọ ni ká wá tà báyìí?" Ó fún Bíńgò ní oṣù mẹ́ta.

A tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìta géètì la ti bẹ̀rẹ̀, lójú títì tí kì í ṣe ti ìkankan nínú wọn. Èmi mú Bíńgò, àbúrò mi mú Ìwà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ jinná, à ń rìn lọ lọ́gbọọgba, àyè fẹ̀ láàárín. Tí wọ́n bá wo ara wọn tí wọ́n sì tún gbójú kúrò, a fún wọn ní ẹja gbígbẹ díẹ̀díẹ̀. Abọ́ Bíńgò padà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni Ìwà ti ń jẹ tiẹ̀, ilẹ̀kùn á sì wà ní títì títí àwọn méjèèjì á fi jẹ tán, a ó wá kó abọ́ nílẹ̀ ká tó ṣí i. Bíńgò la kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún. Bàbá mi ló ta kú lórí èyí, ó ní ẹ̀tọ́ ìyáálé ni. Mi ò rò pé ajá mọ̀, àmọ́ bàbá mi mọ̀.

Ní ti Ìwà, tó bá jí, tó bá jẹun tán, a ó mú un jáde kíá, tó bá tọ̀ síta a ó yìn ín bí ẹni pé ó gba dìgírì. Tó bá tọ̀ sínú ilé, a ó nu ún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pariwo, torí tá a bá pariwo, ibi tó máa ti tọ̀ tí a ò ní rí i ló máa wá lọ. Tó bá fò mọ́ àlejò, àlejò á yíjú. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nílẹ̀ ni wọ́n á kí i. Mo tún ń sọ "jókòó" ṣáájú "sit" lójoojúmọ́. Nígbà tó pẹ́, ó ń jókòó kí òyìnbó tó jáde lẹ́nu mi. Àwọn tó ń gba ajá tọ́ nílẹ̀ òkèèrè máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni ìpayà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mímọ ilé, oṣù mẹ́ta ni dídi ọmọ ilé. Ìṣirò ojú lásán ni, àmọ́ ká ní mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kejì, mi ò ní fa ẹnikẹ́ni jáde lẹ́yìn táǹkì.

Oṣù mẹ́ta bàbá mi ò tíì pé. Mo wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbàgbé, mo mú Ìwà gba ẹ̀gbẹ́ abọ́ Bíńgò kọjá. Bíńgò dáwọ́ jíjẹ dúró. Ó kùn, láti inú àyà lọ́hùn-ún, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti nà án. Àbúrò mi pariwo láti kíṣìnì:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń bá yín sọ̀rọ̀ o!"

Mo ní mo ti gbọ́. Mo mú Ìwà gba ẹ̀yìn ilé.