Àgbà Tó Wà Lọ́jà ní Haarlem: Àlàyé Òwe Kan Nípa Ogun, Ìgbàgbọ́ àti Ìfẹ́

Òwe tó sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn òwe tí Yorùbá máa ń pa fún olóyè, fún olórí ẹbí, àti fún ẹnikẹ́ni tí apá rẹ̀ ká ọ̀ràn kan ṣùgbọ́n tó ń wòran. Lílò tí a ń lò ó lemọ́lemọ́ ti sọ ọ́ di ìbáwí lásán, débi pé àwọn tó ń dúró wo bí ìrònú inú rẹ̀ ti jinlẹ̀ tó kò pọ̀ mọ́. Bí a bá sì fẹ́ dán ìrònú náà wò, kò sí ibi tó yẹ tó àsìkò ogun, nígbà tí títún orí ọmọ ọlọ́mọ ṣe lè gba ẹ̀mí ẹni tó tún un ṣe. Ìdí nìyí tí àlàyé yìí fi gbé òwe náà lé ìtàn ìdílé ten Boom ti ìlú Haarlem, lórílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, àwọn Kristẹni tó fi àwọn Júù pamọ́ sínú ilé wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìtàn wọn jọ ohun tí àwọn Kristẹni òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ fẹ́ràn láti máa kọ nípa ogun, àtakò abẹ́lẹ̀ àti ìfẹ́ ọkùnrin sí obìnrin, ṣùgbọ́n ibi kan wà tó ti yàtọ̀ sí tiwọn, ibẹ̀ gan-an sì ni òwe náà ti ní ohun tí yóò sọ.

Àwòrán inú òwe náà kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ ọjà. Ìyá pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ń ná ọjà lọ́wọ́, oorun sì gbé ọmọ lọ. Ọrùn ọmọ tuntun kò tíì gbó, nítorí náà orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lókè ọ̀já, ó ń mì bí ìyá rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń nàró. Ìyá kò lè rí i, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ wà, ọmọ kò sì lè sọ̀rọ̀ kó ní ọrùn ń dun òun. Ẹni tó lè rí i ni ẹni tó dúró lẹ́yìn wọn, tó ṣeé ṣe kó má mọ orúkọ ìyá, kó má sì mọ ilé tí wọ́n ti bí ọmọ. Òwe náà kò fi ọ̀rọ̀ náà sí inú agbo ilé, níbi tí gbogbo ènìyàn ti jẹ́ ẹbí. Ọjà ló fi í sí, níbi tí ará àti àlejò ti ń fara kanra, tí kálukú sì wá ṣe tirẹ̀. Ohun tó di gbèsè sí àgbà lọ́rùn ni pé ó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí i.

Wọ́n sábà máa ń rò pé arúgbó nìkan ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọmọ tuntun ṣe òṣùwọ̀n, ta ni kì í ṣe àgbà nínú ọjà? Òwe náà kò sì pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ni pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀, a jẹ́ pé kò sí àgbà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ pé ewú kún ibẹ̀. Ó yàtọ̀ gédégbé sí òwe kejì tí wọ́n máa ń pa pọ̀ mọ́ ọn, èyí tó ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ti kòkòrò yẹn fi èrè ara ẹni bẹ̀ wá, nítorí oorun wa ló fi halẹ̀ mọ́ wa, ará ilé nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kàn. Ti ọmọ tuntun kò ṣèlérí ohunkóhun. Ìyá ọmọ lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ṣe òun lóore.

Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì tẹ Nẹ́dálándì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1940, lẹ́yìn ìjà ọjọ́ díẹ̀ tí bọ́ǹbù fi ba àárín ìlú Rotterdam jẹ́. Nǹkan bí 140,000 Júù ló ń gbé ibẹ̀ nígbà náà. Ohun tó ṣe wọ́n kò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni orí ọmọ ń wọ́ lójú gbogbo ọjà. Ní ọdún 1941 wọ́n ní kí Júù kọ̀ọ̀kan lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n tẹ lẹ́tà J sí káàdì ìdánimọ̀ wọn, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1942 wọ́n sọ ọ́ di dandan kí wọ́n rán ìràwọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò mọ́ aṣọ, nígbà tó sì di oṣù Keje, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn lọ sí àwọn àgọ́ ikú. Àwọn tí wọ́n kó lọ tó nǹkan bí 107,000. Àwọn tó padà bọ̀ jẹ́ nǹkan bí 5,000. Òótọ́ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ Amsterdam daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1941 nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn Júù, tí àwọn ará Jámánì sì fi ipá tẹ̀ wọ́n rì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn akọ̀wé kọ orúkọ, awakọ̀ wa ọkọ̀, ó sì rọrùn fún olúkúlùkù láti sọ pé iṣẹ́ òun lòun ń ṣe.

Casper ten Boom, tí wọ́n bí ní ọdún 1859, jogún ṣọ́ọ̀bù aago tí baba rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1837, ní òpópónà Barteljorisstraat, láàárín ibi tí àwọn ará Haarlem ti ń ṣòwò. Ìdílé náà ti ń pàdé láti gbàdúrà fún àwọn Júù láti ọdún 1844. Nínú The Hiding Place, ìwé ìrántí tí Corrie ọmọ rẹ̀ kọ pẹ̀lú John àti Elizabeth Sherrill, tó jáde ní ọdún 1971, ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tó dà bí ẹni pé òwe Yorùbá yìí ni wọ́n fi dá a. Pásítọ̀ kan mú aago wá fún àtúnṣe nígbà tí obìnrin Júù kan àti ọmọ jòjòló rẹ̀ wà nínú ilé, Corrie sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà wọ́n sọ́dọ̀, nítorí ilé rẹ̀ jìnnà sí òpópónà, igbe ọmọ kò ní tètè ta sí etí ọ̀tá. Ó gbé ọmọ náà wá, ó ṣí aṣọ ojú rẹ̀. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó na ọwọ́, ọwọ́ náà kò sì dé ibi tó ń lọ. Ó nàró, ó ní àwọn lè bá ọ̀ràn ọmọ Júù yìí kú. Casper, baba arúgbó náà, tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló gba ọmọ náà mọ́ra, ó sì sọ pé bí ìdílé òun bá kú nítorí rẹ̀, ọlá ńlá ni yóò jẹ́ fún àwọn.

Kí a má ṣe kánjú dá pásítọ̀ náà lẹ́bi, nítorí òwe wà lẹ́yìn òun náà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tó ní ìjọ lọ́rùn ní ẹ̀tọ́ láti ṣọ́ra. Ibi tí ìrònú rẹ̀ ti wọ́ ni pé òwe alákàn wà fún ẹni tó lójú tí yóò fi ṣọ́ orí ara rẹ̀, òwe ọmọ tuntun sì wà nítorí ẹni tí kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Òwe méjèèjì kò bára wọn jà nínú ilé ten Boom. Wọ́n mọ ògiri bíríkì kan sínú yàrá Corrie lókè pátápátá, wọ́n sì fi àlàfo tóóró sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń gbà rá wọ inú rẹ̀. Wọ́n de aago ìkìlọ̀ mọ́ ilé. Wọ́n ń fi sísá pamọ́ dánra wò, tí àwọn tó ń sùn yóò yí tìmùtìmù orí bẹ́ẹ̀dì wọn padà kí wọ́n tó sá, kí ọwọ́ ọlọ́pàá má bàa kan ibi tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Àgbà tó fẹ́ tún orí ọmọ ṣe ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó má bàa ṣubú lé ọmọ.

Ohun tí òwe náà kò sọ ni irú ọwọ́ tí àgbà yóò fi tún orí náà ṣe, èyí sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ìdílé náà. Nollie, ẹ̀gbọ́n Corrie, kò gbà pé Kristẹni lè purọ́ kódà fún ọ̀tá, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá sì bi í bóyá Júù ni ọ̀dọ́bìnrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mú àwọn méjèèjì. Ìwé náà sọ pé àwọn alátakò abẹ́lẹ̀ fọ́ ibi tí wọ́n ti ọ̀dọ́bìnrin náà mọ́ ní Amsterdam lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó sì bọ́. Àwọn kan ka èyí sí ẹ̀rí pé Ọlọ́run gbèjà òótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti fi àbáyọrí ìṣẹ̀lẹ̀ kan gbé òfin kalẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ni a kò fọ́ ilẹ̀kùn fún. Bí a bá fi òwe wa wọ̀n ọ́n, ọrùn ọmọ ló yẹ kí àgbà kọ́kọ́ wò, kó tó wo bí ọwọ́ tirẹ̀ ti mọ́ tó.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló kù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn àròsọ irú èyí gbé sáàárín. Ọ̀dọ́kùnrin alátakò pàdé ọ̀dọ́bìnrin arẹwà tí ọ̀tá ń lé, ọkàn wọn fà mọ́ra, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu nítorí rẹ̀. Ìtàn bẹ́ẹ̀ dùn-ún kà, ṣùgbọ́n ó sọ òwe náà di yẹpẹrẹ láìmọ̀, nítorí ẹni tó gba olólùfẹ́ rẹ̀ là, tirẹ̀ ló gbà. Nígbà tí ogun dé Haarlem, Corrie ti lé ní 45 ọdún, Betsie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lé ní 50, baba wọn sì ti pé 80. Ó ṣọ̀wọ́n kí aláròsọ fi irú wọn ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Kì í ṣe pé Corrie kò mọ ìfẹ́. Ó fẹ́ràn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Karel nígbà èwe rẹ̀, ọkùnrin náà sì mú obìnrin mìíràn wá fi hàn án gẹ́gẹ́ bí àfẹ́sọ́nà. Baba rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó má pa ìfẹ́ náà, kó bẹ Ọlọ́run kó la ọ̀nà mìíràn fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ìfẹ́ sínú ogun láìba òwe yìí jẹ́ lè fi ìfẹ́ ṣe ohun tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ yóò pàdánù nítorí ọmọ ọlọ́mọ, kó má fi ṣe ìdí tí ó fi na ọwọ́.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1944, lẹ́yìn tí ọ̀dàlẹ̀ kan ta wọ́n, Gestapo, àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Jámánì, ya wọ ilé náà, wọ́n sì kó nǹkan bí 30 ènìyàn. Wọn kò rí àwọn mẹ́fà tó wà lẹ́yìn ògiri. Wọ́n ní àwọn yóò jẹ́ kí Casper lọ sùn sílé bí ó bá ṣèlérí pé òun kò ní dáràn mọ́. Ó dáhùn pé bí òun bá délé lónìí, ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn lọ́la, òun yóò ṣí i fún un. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ló kú sí àtìmọ́lé, ní ẹni ọdún 84. Betsie kú sí àgọ́ ìfìyàjẹni Ravensbrück ní Jámánì ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Yad Vashem, ilé ìrántí tí orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì dá sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, bọlá fún Corrie ní ọdún 1967, ohun tí wọ́n sì ń béèrè kí wọ́n tó bọlá fún ẹnikẹ́ni ni pé kó ti fi ara rẹ̀ wewu, kó má sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà là. Ó lé ní 60 ọdún lẹ́yìn ikú Casper àti Betsie kí Yad Vashem tó bọlá fún àwọn náà.