Gbèsè Tí A Jẹ Àlejò

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò kò jìnnà sí wa. Ní GRA Ìkẹjà níbí, ilé tí ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ti Kútọnu tàbí Tógò wá kò ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí mẹ́gáàdì wọn jẹ́ ará Niger. Gbèsè wo ni a jẹ wọ́n?

Ìlú Èkó ni àwọn ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní 1975. Ní 1979, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ní oṣù January 1983, tí ìjọba wa fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó lọ. Àwọn tó lọ ju mílíọ̀nù kan. Ọmọ Gáná ló pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ṣì ń pè ní Ghana-must-go, tí a sì ń fi rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀, àwa náà ti jẹ irú ìyà yìí rí. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Gáná pàṣẹ pé kí àjèjì gba ìwé ìgbélùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó lọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin tó ń tajà níbẹ̀ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọn kò sì rí gbèsè ọwọ́ oníbàárà gbà. Léfítíkù orí 19 rán Ísírẹ́lì létí pé àlejò ni àwọn náà ní Íjíbítì. Ìjọ wa pàápàá, láti Cape Coast ni Thomas Birch Freeman àti William de Graft, ọmọ Fante, ti gbé e wá sí Àgbádárìgì ní 1842.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Òfin ńkọ́?” Òtítọ́ ni, ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé. Ṣùgbọ́n àìní ìwé àlejò kò sọ owó iṣẹ́ rẹ̀ di tiwa. Ẹni tí kò lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ni ó rọrùn jù láti rẹ́ jẹ, ibẹ̀ gan-an sì ni a ti ń mọ onígbàgbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé lọ béèrè: ta ni ń gba owó ọmọ yìí, òun ni tàbí ẹni tó mú un wá? Ǹjẹ́ a mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́? Bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé, kí ló dé tí kò sí ní ilé-ìwé?

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí omijé àlejò kọ ẹjọ́ wa lọ́dọ̀ Rẹ̀. Àmín.