Ta Ló Jókòó Sẹ́yìn Yín?

ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀
Ẹ kà: Deutarónómì 22:8; Jákọ́bù 4:17

Láti Alágbàká, ní Àkúrẹ́ níbí, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó jáde lónìí, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ọ̀kadà, ẹ má tíì kọjá lọ, ọ̀rọ̀ náà máa dé ọ̀dọ̀ yín.

Mo ní máṣíìnì kan tí mo ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ Alágbàká mọ̀ pé àdúgbò ọ́fíìsì ìjọba ni. Ọ́fíìsì gómìnà wà níbẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà níbẹ̀, tó bá sì di aago méje ààbọ̀ àárọ̀, mọ́tò àti ọ̀kadà á ti kún ojú títì. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé ọmọbìnrin mi lọ sí ilé ìwé kí n tó kọjá sí ibi iṣẹ́. Kí n tó ṣíná sí ẹ́ńjìnnì, màá gbé ọwọ́ lé táǹkì, màá gbàdúrà pé kí Olúwa ṣáájú wa. Ọmọ á ṣe àmín, a ó sì gbéra.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí bíréèkì ẹ̀yìn ti ń fún mi ní àmì. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń lọ sílẹ̀ gan-an kó tó mú. Mo mọ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé tó bá di Sátidé, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Sátidé àkọ́kọ́, a lọ sin òkú. Sátidé kejì, ìpàdé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, òjò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, títì sì ń yọ̀. Mọ́tò kan dúró lójijì níwájú wa. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi lọ títí, kò mú. Mo fa ti iwájú, táyà yọ̀, a bá ara wa nínú koríko lẹ́bàá gọ́tà.

Ọlọ́run ṣàánú. Orúnkún ọmọ náà bó díẹ̀, àpò ìwé rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó tán síbẹ̀. Mo ti ń ro bí màá ṣe jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi nígbà tó wo ojú mi, tó ní: "Dádì, ṣé ẹ ò mọ̀ pé bíréèkì yẹn ò dáa ni?"

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Tí mo bá ní n kò mọ̀, irọ́ ni. Tí mo bá sì ní mo mọ̀, kí ni mo fẹ́ pe àdúrà tí mo ń gbà lórí táǹkì láràárọ̀?

Ìbéèrè ọmọ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ rò lónìí. Nígbà tí a bá mọ̀ pé nǹkan kan bàjẹ́, tí a lè tún un ṣe, tí a kò tún un ṣe, tí a wá gbàdúrà lé e lórí, ṣé ìgbàgbọ́ nìyẹn, àbí àìbìkítà tó wọ aṣọ ìgbàgbọ́?

Ẹ wo òfin tí a kà nínú Deutarónómì. Ọlọ́run ní kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí, ìyẹn ògiri kékeré, yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ níbẹ̀. Òrùlé tiwọn tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn ènìyàn máa ń jókòó síbẹ̀. Ó yẹ kí á béèrè pé: ta ni ìgbátí náà wà fún jù? Onílé mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ parí sí, kódà lóru. Àlejò ni kò mọ̀. Àlejò gun òkè nítorí pé ó fọkàn tán onílé. Ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi ní tó bá já bọ́, ọrùn onílé ni ẹ̀jẹ̀ wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó jókòó sẹ́yìn yín lórí ọ̀kadà. Kò rí bíréèkì. Kò mọ bí ṣéènì ṣe rí. Ó kàn di yín mú ni, ó fọkàn balẹ̀. Ohun tí ẹ mọ̀, tí òun kò mọ̀, gbèsè tí ẹ jẹ ẹ́ ni. Jákọ́bù kò fi ọ̀rọ̀ náà bọpo bọyọ̀ rárá: ẹni tó bá mọ rere ṣe tí kò ṣe é, ó ti dẹ́ṣẹ̀. Kò sọ pé ó digbà tí ènìyàn bá kú kó tó di ẹ̀ṣẹ̀.

Mo ti máṣíìnì náà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn táyà, ó yí nọ́ọ̀tì kan tó wà ní ìdí ọ̀pá bíréèkì, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ó mú. Kò gbà á tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wá fi àmì ọfà kékeré kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó ní tí mo bá tẹ bíréèkì tán, tí ọfà yẹn bá ti bá àmì kejì mu, a jẹ́ pé ṣúù bíréèkì ti jẹ tán, kí n wá pààrọ̀ rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó kàn ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ kì í ka ìwé tó bá máṣíìnì yín wá ni?"

Ẹ̀yin ará, ìwé náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í nígbà tí mo rà á. Mo tọ́jú rẹ̀ dáadáa, n kò kàn ṣí i rí ni. Ẹ̀yin náà mọ ìwé mìíràn tí à ń tọ́jú dáadáa báyẹn láì ṣí i.

Ní Sátidé, èmi àti ọmọ mi jókòó tì í. Ó ń kà, mo ń fọwọ́ kàn án lára máṣíìnì. Ohun tí ìwé ní kí a máa wò kí a tó gùn ún kò le rárá: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, táyà, ṣéènì, iná. Fún ọ́ìlì, kí máṣíìnì dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kí a tó wò ó, torí tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irọ́ ló máa pa fún wa. Fún bíréèkì ẹ̀yìn, kí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ má lọ sílẹ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Tèmi ti lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ṣéènì, kí a yí táyà ká, kí a wò ó níbi púpọ̀, nítorí ṣéènì lè le níbì kan kó sì dẹ̀ níbòmíràn. Ìwé máṣíìnì kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìgbà tí a dé ibi afẹ́fẹ́ táyà ni mo dákẹ́. Iye méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún táyà ẹ̀yìn: ọ̀kan fún ìgbà tí ẹ bá dá gùn ún, èkejì tó ju ìyẹn lọ fún ìgbà tí ẹnìkan bá jókòó lẹ́yìn. Àwọn tó kọ ìwé náà rántí ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Èmi bàbá rẹ̀ ni mo gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tó wú mi lórí. Ní àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ Honda ní Jàpáàn ṣe alùpùpù kan tí wọ́n pè ní CG125. Wọ́n ti rí i pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ọ̀pọ̀ tó ń ra alùpùpù kì í pààrọ̀ ọ́ìlì bó ṣe yẹ, wọn kì í sì í tọ́jú rẹ̀ déédéé. Dípò kí wọ́n bínú, wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì tó lè fara da ìyà, wọ́n sì bo ṣéènì rẹ̀ pátápátá kí eruku àti ẹrẹ̀ má baà bà á jẹ́. Ẹni tó ṣe é mọ àìlera wa, ó sì fi àánú sínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àmọ́ ó ṣì kọ ìwé sí i. Kò sì sí bó ṣe fẹ́ ṣe bíréèkì tí kì í jẹ, torí bó ṣe ń dá wa dúró náà ló ń tán lọ. Àánú ẹni tó ṣe nǹkan kò gba iṣẹ́ ẹni tó ń lò ó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn á sọ pé, "Olúwa ló ń ṣọ́ wa, kì í ṣe bíréèkì." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka Sáàmù 127 dáadáa. Ó sọ pé asán ni iṣẹ́ olùṣọ́ tí Olúwa kò bá ṣọ́ ìlú, kò sọ pé kí olùṣọ́ lọ sùn. Ẹlòmíràn á ní, "Mo ń sanwó fún mẹkáníìkì." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Mẹkáníìkì lè má rí máṣíìnì yín ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ̀yin lẹ̀ ń gùn ún lójoojúmọ́.

N kò sọ pé kí ẹ sọ ara yín di mẹkáníìkì o. Ìwé kan náà tó ní kí ẹ wo bíréèkì ló máa sọ ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tó tú bíréèkì ká nítorí owó, tó wá lọ gbé ọmọ ọlọ́mọ, òun náà ti wó ìgbátí. Ìrẹ̀lẹ̀ ni kí á kàwé, ìrẹ̀lẹ̀ náà ni kí á mọ ibi tí agbára wa mọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín nìyí. Àwọn bàbá àti ẹ̀gbọ́n wà nínú ìjọ tí wọ́n ń fi ọ̀kadà jẹun, tí òyìnbó inú ìwé náà kò yé. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ kà á fún wọn ní Yorùbá.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ọ̀kadà ńkọ́? Ẹni tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé aládùúgbò, ẹnìkan ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀ yẹn. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí a kì í rí, tí kò ní òórùn, tó ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹni tó mọ̀ pé rọ́bà gáàsì ìdáná òun ti ń sán, tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ń fi dáná, ẹnìkan jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Mo dá ọmọ mi lóhùn níkẹyìn. Mo ní, "Mo mọ̀. Ẹ̀bi mi ni. Má bínú." Ó ní kò burú, pé òun ló kù tí á máa bá mi wo bíréèkì. Láti ìgbà náà, òun ló ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, èmi ń wo ọ́ìlì àti táyà. Lẹ́yìn náà ni a ó wá gbàdúrà. Àdúrà náà kò gùn tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo lè wo ojú ọmọ mi tó bá ń ṣe àmín.

Iṣẹ́ òní: Nǹkan kan wà tí ẹ ti mọ̀ pé kò dáa, tí ẹ ń sún síwájú. Ẹ tún un ṣe kí oòrùn òní tó wọ̀, tàbí kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Àdúrà: Olúwa, dárí jì mí fún ohun tí mo mọ̀ tí n kò ṣe. Má jẹ́ kí ẹni tó fọkàn tán mi já bọ́ nítorí ọ̀lẹ mi. La ojú mi sí ẹni tó jókòó sẹ́yìn mi lónìí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan tó ń gun ọ̀kadà. A ó lọ re, a ó bọ̀ re o. 🙏🏾