Ẹni Tí Ó Dúró Ti Ẹrù

Láyé ìjọba Thomas Sankara, láti ọdún 1983 sí 1987, a pàṣẹ ní Ouagadougou pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ Faso dan fani, aṣọ òwú tí a fi ọwọ́ hun. Lédè Faransé tí wọ́n fi ń ṣe ìjọba níbẹ̀, étoffe ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Láti ara ọ̀rọ̀ yìí, bí ó ti rí láyé àtijọ́, ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú stuff. Ó ti jẹ́ aṣọ, ó ti jẹ́ ẹrù ọmọ-ogun, kí ó tó di nǹkan ṣákálá lẹ́nu àwọn èwe òde òní.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa atúmọ̀. Ẹ wo 1 Sámúẹ́lì 30:24 nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611. Ó rẹ igba ọkùnrin, wọ́n sì dúró ti stuff létí odò Bésórì. Irínwó bá Dáfídì lọ. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun, àwọn kan kọ̀ láti fún àwọn tí ó dúró ní ìpín. Bí a bá kọ “nǹkan” síbẹ̀, a ti gbè sẹ́yìn àwọn oníwọra náà. Ta ni yóò pín ìkógun fún ẹni tí ó jókòó ti nǹkan? Ṣùgbọ́n kélì, ọ̀rọ̀ Hébérù náà, lè jẹ́ ìkòkò, ohun èlò tàbí ohun ìjà. (Ẹni tí ó ran òwú pàápàá kì í hàn lára aṣọ.) Nítorí náà, Dáfídì kò ṣàánú wọn, ẹ̀tọ́ wọn ni ó fún wọn. “Ẹrù” ni àwa yàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba ìkòkò àti idà pọ̀ tán.