Ooru Ilé Wa àti Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò

KHUTBAH KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ooru àti òtútù. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ àsọọ́lẹ̀ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun fún ẹ̀yin àti fún ẹ̀mí ara mi.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo lọ kí ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa tí ara wọn kò yá. Inú yàrá ni mo ti bá wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wọ kóòtù, wọ́n sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ṣé bọ́ílà yín bàjẹ́ ni?” Wọ́n ní, “Rárá o, Alfa. Ó ń ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ ni mo ń sá fún.” Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo dé mọ́sáláṣí yìí, mo bá ilẹ̀kùn iwájú ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Gbogbo rédíétọ̀ gbóná janjan, ooru tí a fi owó sàárà yín rà sì ń jáde lọ sí títì.

Ohun méjèèjì yìí ni ó bí ìbéèrè tòní: ta ni ó ni ooru inú ilé? Ṣé ti ẹni tí ó san owó rẹ̀ nìkan ni, àbí àwọn mìíràn ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ayé lásán ni. Nínú Súratu n-Naḥl, aaya 5, Ọlọ́hun ka ìlọ́wọ́ọ́rọ́ tí à ń rí lára ẹran ọ̀sìn mọ́ ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún wa. Ní aaya 80 nínú súrà kan náà, Ó rán wa létí pé Òun ni Ó sọ ilé wa di ibi ìfarabalẹ̀. Nínú Súratu l-Wāqi‘ah, láti aaya 71, Ó bi wá léèrè nípa iná tí à ń dá: ta ni ó mú igi rẹ̀ hù? Nítorí náà, ẹni tí ó mú ilé rẹ̀ móoru fún àwọn ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ojúṣe rẹ̀ ni ó ń ṣe.

Ilé tútù tí ó kún fún ọ̀rinrin lè pani. Ní oṣù Disemba ọdún 2020, ní ìlú Rochdale, ọmọ ọdún méjì kan tí ń jẹ́ Awaab Ishak kú. Sudan ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, bí àwa náà ṣe ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Ní ọdún 2022, adájọ́ tí ó wádìí ikú rẹ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun dúdú tí ọ̀rinrin mú hù lára ògiri ilé wọn ni ó ṣe okùnfà àìsàn tí kò jẹ́ kí ó lè mí. Bàbá rẹ̀ ti fi ẹjọ́ ilé náà sùn. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé kí ó fi ọ̀dà kùn ún. Ẹ̀yin onílé tí ẹ ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé, ẹ gbọ́ o: ọ̀dà kì í bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀nà tí a ń gbà rí ooru. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Disemba ọdún 1952, òtútù mú gan-an ní London yìí, olúkúlùkù sì ń da èédú sí ààrò ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbèrò láti pa aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ dúró sójú kan, èéfín ilé àti ti ilé iṣẹ́ dà pọ̀ mọ́ kùrukùru, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì kú. Ní ọdún 1956 ni òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ dé. Ohun tí ó bá ojú, ó bá imú.

Èéfín gáàsì tí ó rọ́pò èédú kò ṣeé fojú rí, ìdí nìyẹn tí ọkàn wa fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gòkè lọ, ó sì ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Ní ọdún 2022, omíyalé pa èèyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Àwọn onímọ̀ sọ pé gbígbóná ayé wà lára ohun tí ó fún òjò ọdún náà lágbára. Àwọn tí à ń fi owó ránṣẹ́ sí nílé ní ìparí oṣù, àwọn náà ni èéfín wa ń bá jà.

Ẹnìkan lè sọ pé: “Alfa, kí ni bọ́ílà mi kan ṣoṣo jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà àti Ṣáínà?” Ẹ rántí hádíìsì àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi, tí Bukhari gbà wá. Àwọn tí wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ fẹ́ lu ihò sí apá tiwọn kí wọ́n lè rí omi láìyọ àwọn tí ó wà lókè lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ń wá kò burú, apá tiwọn sì ni. Síbẹ̀, bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ni yóò rì. Iye ihò tí àwọn ẹlòmíràn lu kò sọ ihò tèmi di ẹ̀tọ́.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KHUTBAH KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́hun kì í di ẹrù tí ó ju agbára lọ ru ẹnikẹ́ni. N kò ní sọ fún ìyá tí ń gbọ̀n nínú kóòtù pé kí wọ́n lọ ra ẹ̀rọ olówó ńlá. Ohun tí ó tọ́ sí wọn ni pé kí ilé wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lónìí. Ojúṣe wa kò dọ́gba.

Gbogbo wa ni ó kàn láti jáwọ́ nínú ìná-àpà: kí á ti ilẹ̀kùn, kí á dí ihò ojú fèrèsé, kí á má ṣe fi ooru sílẹ̀ nínú yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Ó kan onílé láti tún ilé ṣe kí ó tó gba owó ilé pẹ̀lú ọkàn tí ó balẹ̀.

Ó kan ẹni tí ó ní agbára láti ronú lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní heat pump. Kì í dá iná. Bí fíríìjì ṣe ń fa ooru kúrò lára oúnjẹ tí ó sì ń tú u sí ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta wọ inú ilé, bí afẹ́fẹ́ náà tilẹ̀ tutù. Fún ìwọ̀n iná mànàmáná kan tí ó bá lò, ó lè mú ìwọ̀n ooru mẹ́ta wá. Bí iná náà bá sì ti ọ̀dọ̀ oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ wá, èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìjọba ń fi 7,500 pọ́n-ùn ran onílé lọ́wọ́ lórí rẹ̀ ní England àti Wales. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín jẹ: iye owó iná mànàmáná ju ti gáàsì lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní mẹ́ta. Ilé tí ooru ń sá jáde nínú rẹ̀ lè wá máa san ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí dídí ihò fi ṣáájú ríra ẹ̀rọ.

Ní ti bọ́ílà mọ́sáláṣí wa tí ó ti gbó, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí á ra irú rẹ̀ mìíràn nítorí ó dínwó, kí á fi ìyókù ran aláìní lọ́wọ́. Àwọn kan ní kí á ra heat pump. Ọ̀rọ̀ rere ni ó wà lẹ́nu ìhà méjèèjì. Èrò tèmi ni pé bọ́ílà tí a bá rà lónìí yóò máa jó gáàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí àwọn ọmọ tí kò tíì mọ ìrun kí, nítorí náà mo fara mọ́ ti ìhà kejì. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ aláìní nítorí rẹ̀. Kí àwọn tí Ọlọ́hun fún ní ọrọ̀ dá owó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí á ti ilẹ̀kùn iwájú yẹn láti òní lọ. Lẹ́yìn ìrun Ọ̀sán títí di ìrun Àṣálẹ́ lójoojúmọ́, mo bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n jẹ́ kí yàrá ẹ̀kọ́ wa wà ní ṣíṣí fún àwọn àgbàlagbà tí ilé wọn tutù. Ẹ lọ fi mọ́tò gbé wọn wá. Ooru yìí kì í ṣe tiwa nìkan.

Ọlọ́hun, má ṣe jẹ́ kí ìdẹ̀ra wa di ìnira fún ẹlòmíràn. Fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, ṣíjú àánú wo àwọn tí òtútù ń mú àti àwọn tí omi lé kúrò nílé. Foríjì wá, foríjì àwọn òbí wa àti gbogbo Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin. Àmín.

Ẹ dìde, kí á kírun.